Ìràwọ̀ Apá Ọ̀tún

Kò sí ẹni tí ó ń gbé ẹ̀yìn ọjà Wandó ní Àjàṣẹ́ tí kò mọ Liamidi Alọ́dà. Bí o bá rí kámíọ̀ kan tí ó ń kó àgbàdo lọ sí ẹnubodè Kraké, tí a ya kìnnìún pupa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ẹnu kìnnìún náà dà bí ẹni tí ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, má ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ẹni tí ó yà á. Èékánná Liamidi kì í mọ́. Lọ́jọ́ ọdún pàápàá, bí ó ti wù kí ó fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́ tó, àwọ̀ kan yóò ṣì wà níbẹ̀ tí yóò máa yọjú.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kámíọ̀ kọ́ ni bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ère tí eléré ń gbé lé orí jó, ni. Lọ́dọọdún, kí ijó tó bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà ẹgbẹ́ máa ń kó àwọn igi náà wá kí ó tún wọn kùn, nítorí pé igi tí kò bá dán kò gbọdọ̀ jáde síwájú àwọn ìyá. Méjì méjì sì ni wọ́n ń jáde, bí ìbejì. Ohun tí ó bá wà lórí ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lórí èkejì, ní ojú ibi kan náà. Nígbà tí Liamidi ń kọ́ṣẹ́, bí ó bá ṣèèṣì fi àmì kan sí ọ̀tún igi kìíní, tí ó sì fi sí òsì igi kejì, bàbá rẹ̀ á fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì gbá a lọ́wọ́. "Bí ẹfun bá kan Táyé," ni bàbá náà máa ń wí, "kí ó kan Kẹ́hìndé níbi kan náà." Ẹ̀kọ́ yìí wọ Liamidi lára bí omi ti ń wọ ìkòkò.

Ohun kan ṣoṣo ni ó fẹ́ràn ju ọ̀dà lọ: ọkọ̀ òfuurufú. Láti ìgbà èwe rẹ̀, bí ọ̀kan bá ń kọjá lórí ọ̀sà lọ sí Kútọnu, yóò sọ búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, yóò gbé orí sókè títí ìró rẹ̀ yóò fi kú. Ó ti ya ọkọ̀ òfuurufú sí orí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí kò lóǹkà, kò sì tí ì fọwọ́ kan ọ̀kan rí.

"Bàbá Kadidjatou," ni Silifatou ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ, "ọrùn yín á yẹ̀ lọ́jọ́ kan, a ò sì ní mọ ohun tí a ó sọ fún dókítà."

Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1972, Liamidi kò kọ́kọ́ rí ohun tí ó kàn án níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta kọjá, orúkọ ìlú yí padà, Dahomey di Bẹ̀nẹ̀, àsíá sì yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọ̀ mẹ́ta àtijọ́ kúrò. Àsíá tuntun jẹ́ àwọ̀ ewé látòkèdélẹ̀, pẹ̀lú ìràwọ̀ pupa kan ṣoṣo ní igun òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Bí ènìyàn méjì bá pàdé lójú títì nígbà náà, ọ̀kan á kígbe pé "Ẹhuzu!", ìyẹn ni pé ó ti yí padà, èkejì á dáhùn pé "Dandan!" Iṣẹ́ ya dé fún Liamidi. Gbogbo pátákó iléèwé àti ilé iṣẹ́ ìjọba ni ó fẹ́ ìràwọ̀ pupa.

Ní ọdún 1976, bí àjọ̀dún Rẹfolúsíọ̀n, ìyípadà tí àwọn ológun mú dé, ti ń sún mọ́lé, wọ́n ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ṣe ohun àrà kan tí wọn yóò gbé kọjá níwájú àwọn ọ̀gá. Aṣojú àdúgbò wá fi kún un pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wu àwọn ọ̀gá jù lọ yóò bá wọn wọ ọkọ̀ òfuurufú àwọn ológun, èyí tí wọ́n ń pè ní Dakota, lọ sí Paraku.

Liamidi jókòó. Ó dìde. Ó tún jókòó. Silifatou gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, oúnjẹ náà tutù.

"Ẹ jẹun."

"Silifatou, wọ́n ní a ó wọ̀ ọ́! Wíwọ̀ ni wọ́n sọ, kì í ṣe wíwò!"

Kíá ni ó ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Abibou, ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ọkùnrin tín-ín-rín kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Wọ́n fi pákó kan ọkọ̀ òfuurufú ńlá sí ẹ̀yìn kámíọ̀. Abibou fi okùn bíréèkì kẹ̀kẹ́ so ọ̀pá ìdarí mọ́ ìyẹ́ àti ìrù, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá jókòó sí ààyè awakọ̀, tí ó sì ti ọ̀pá náà síwájú, yóò rí i pé etí ìyẹ́ ń gbéra, ó ń sọ̀kalẹ̀, bí ẹni pé ọkọ̀ fẹ́ fò. Àwọn ará àdúgbò tò síta láti gùn ún. Ìyá arúgbó kan jókòó níbẹ̀, ó di ọ̀pá mú, ó ní òun ti dé Mẹ́kà, òun kò sọ̀kalẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ wá ku ti ọ̀dà. Liamidi búra pé kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni òun yóò kùn lọ́tẹ̀ yìí. Ti òótọ́ ni òun fẹ́, bí ó ṣe rí gan-an, títí dórí lẹ́tà tí ó kéré jù lọ lára rẹ̀. Ó wọ takísí lọ sí Kútọnu, ó lọ bá Théophile, ọmọ Àjàṣẹ́ tí ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú ṣe fún àwọn ológun. Théophile kò lè mú un wọ inú pápákọ̀ òfuurufú, ṣùgbọ́n ó mú un dé ibi ọgbà onírin. Dakota náà dúró lọ́ọ̀ọ́kán, imú rẹ̀ kọjú sí òsì, oòrùn ń tàn lára rẹ̀. Liamidi wò ó, ó di ojú, ó la ojú, ó tún wò ó: ibi tí fàdákà parí tí funfun bẹ̀rẹ̀, ìlà tí ó gba abẹ́ fèrèsé kọjá, bí lẹ́tà ti ga tó, àsíá tuntun lára ìrù, ìràwọ̀ rẹ̀ ní igun òkè, ní ọwọ́ òsì ẹni tí ń wò ó. Nígbà tí ó padà délé, gbogbo rẹ̀ ti wà lórí rẹ̀ bí orin.

Ó kùn ún, inú rẹ̀ ń dùn. Abibou bi í pé, "Ta ni yóò ka ohun kíntínní tí o ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn?"

"Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò wá a."

"Bí kò bá sì sí níbẹ̀ ńkọ́?"

"Yóò mọ̀ pé irọ́ ni gbogbo ìyókù."

Bí ó ti parí ẹ̀gbẹ́ kan, ó yí lọ sí èkejì, ó sì ṣe é gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ohun tí ó kan Táyé kan Kẹ́hìndé níbi kan náà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún, Théophile dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ náà, ó pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n Liamidi! Òun gan-an nìyí! Ilẹ̀kùn rèé, ìlà rèé, ẹ ò tilẹ̀ gbàgbé ibi tí a ti lẹ irin mọ́ ọn!" Ó kí ọkọ̀ náà bí ológun. Liamidi ń rẹ́rìn-ín. Théophile yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó sún mọ́ ìrù ọkọ̀ náà, ó tẹjú mọ́ àsíá.

"Kí ló dé?" ni Liamidi bi í.

"Ẹ̀gbọ́n… ìràwọ̀ yìí. Ẹ̀yìn ló wà."

"Ọwọ́ òsì ló wà, bíi ti ẹ̀gbẹ́ kejì."

"Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ẹ̀gbẹ́ òpó ni ìràwọ̀ máa ń wà lára àsíá, àbí? Ẹ wò ó pé imú ọkọ̀ ni òpó. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn á gbá aṣọ sẹ́yìn, òpó á wà níwájú. Nítorí náà ìràwọ̀ gbọ́dọ̀ wà níhà imú, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Èyí tí ẹ yà síbí, bí ọkọ̀ tí ń fi ẹ̀yìn rìn ni."

Abibou fi ọwọ́ lé orí. "Yéè! Rẹfolúsíọ̀n tí ń padà sẹ́yìn! Níwájú àwọn ọ̀gá!"

"Ṣé o kò lè rọra pariwo ni?" Silifatou bu ẹnu àtẹ́ lù ú. "Ṣé kí gbogbo Wandó gbọ́?"

Ara Liamidi ti gbóná, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá búrọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dà kámíọ̀ kò ní gbẹ kí wọ́n tó gbéra. Ṣùgbọ́n àwọ̀ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí ó máa ń fi oje igi pò, ojú oòrùn ni í ti í gbẹ bí itọ́. Ó sá wọlé, ó po àwọ̀ ewé, ó pa ìràwọ̀ àtijọ́ rẹ́. Ó po pupa, ó ya tuntun síhà imú. Igun márùn-ún, ó yọ kedere. Gbogbo wọn ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ iná. Ó gbẹ!

"Ó kù kí òjò má rọ̀," ni Théophile wí.

Ọ̀rọ̀ náà kò tí ì tutù lẹ́nu rẹ̀ tí ìkùukùu fi dìde láti ìhà ọ̀sà. Àwọ̀ tí ń tètè gbẹ, òun náà ni omi ń tètè fọ̀. Kámíọ̀ ti gbéra, Abibou ti wà ní ààyè awakọ̀ pẹ̀lú dígí dúdú lójú, ìlà kámíọ̀ gùn níwájú àti lẹ́yìn. Kò sí ààyè láti padà. Ẹ̀kán kan bọ́ sí imú Liamidi. Òmíràn bọ́ sí ìyẹ́.

Ó fò gun ẹ̀yìn kámíọ̀, ó fi àyà bo ìràwọ̀ náà. "Silifatou o!"

Silifatou ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú àwọn obìnrin àdúgbò. Ó tú ọ̀já ìdí rẹ̀, ó jù ú sókè sí i. "Ẹ gbà! Ṣé aṣọ wa kọ́ lẹ máa ń yá bí ẹ bá fẹ́ fi di Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni? Ẹ fi di ti òyìnbó yìí náà!"

Ọ̀rọ̀ náà mú àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ọ̀já bẹ̀rẹ̀ sí fò wá, gèlè ń tẹ̀ lé e. Liamidi ń dì í, ó ń so ó, títí ìrù ọkọ̀ náà fi wú bí ìdí eléré Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àwọn èrò ẹ̀gbẹ́ títì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Abibou ń ti ọ̀pá, ìyẹ́ ń jó, òjò ń rọ̀, kámíọ̀ ń lọ.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú àwọn ọ̀gá, òjò ti di winniwinni. Liamidi mọ̀ pé ọkọ̀ òfuurufú tí ó ró ọ̀já kò lè kọjá níbẹ̀. Ó já ìdì kìíní, ó já èkejì, ó fa gbogbo rẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìràwọ̀ wà níwájú. Ṣùgbọ́n omi ti wọ inú ọ̀já, igun kan ti yọ́, pupa náà sì ti ṣàn lọ sẹ́yìn ní tẹ́ẹ́rẹ́ lórí àwọ̀ ewé.

Ọ̀gá ológun kan sọ̀kalẹ̀. Ọmọ Kétu ni, ohùn rẹ̀ sì fi hàn. Ó yí ọkọ̀ náà ká, ó dúró ní apá ọ̀tún.

"Kámáràdì, kí ni èyí tí ń ṣàn?"

Abibou ti ń wá irọ́ kan láti òkè, Liamidi ti ń dáhùn. "Kámáràdì Ọ̀gá, àṣìṣe mi ni. Igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni mo ń kùn. Mo ya apá ọ̀tún bí apá òsì, bí a ti í ya ìbejì. Òwúrọ̀ yìí ni mo mọ̀ pé ìràwọ̀ ń wo ẹ̀yìn. Mo fi àwọ̀ igi tún un ṣe, òjò sì bá mi."

Ọ̀gá náà wò ó. Ó wo ọ̀já tí ó kún apá rẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó jáde. "Igi méjì, ojú kan! Bàbá tèmi náà ì bá yà á bẹ́ẹ̀." Ó fi ìka tọ́ ìlà pupa náà. "Ṣùgbọ́n wò ó, ẹ̀yìn ló ṣàn sí. Òjò pàápàá mọ ibi tí iwájú wà."

Síbẹ̀, àwọn ará etí ọ̀sà ni wọ́n yàn láti bá wọn lọ sí Paraku, nítorí ọkọ̀ ojú omi wọn tí ń tu èéfín. Liamidi ń dá ọ̀já padà fún àwọn tí wọ́n ni ín. Ìgbà náà ni ọ̀gá ọmọ Kétu tún kọjá.

"Alọ́dà, Dakota wa fẹ́ ọ̀dà tuntun kí oṣù tó parí. Ẹni tí ó ti ṣì í yà lẹ́ẹ̀kan ni mo fẹ́, kò ní ṣì í yà mọ́. Bí ó bá gbẹ, ìwọ náà á wọ̀ ọ́ bí a bá fẹ́ dán an wò."

Ọ̀já tí ó kù lọ́wọ́ Liamidi bọ́ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ti Silifatou ni. Kò bínú.

Ó kùn ún, ó gbẹ, wọ́n sì fò. Liamidi fi imú lẹ fèrèsé. Ọ̀sà tẹ́ sílẹ̀ bí awẹ́ dígí, Àjàṣẹ́ wà lẹ́bàá rẹ̀, òrùlé rẹ̀ pupa, ìlú Àjárá sì kéré lókèèrè bí ẹni da ọkà sílẹ̀. Ó yí ọrùn títí, kò lè rí ìrù láti inú. Ó kígbe sí Théophile létí nítorí ariwo ẹ̀rọ.

"Ìràwọ̀ ọ̀tún! Ibo ló wò?"

"Iwájú ni, Ẹ̀gbọ́n! Iwájú!"

Nígbà tí ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tún dé, Liamidi gbé igi méjì tuntun fún àwọn àgbà. Ọkọ̀ òfuurufú wà lórí kọ̀ọ̀kan. Olórí ẹgbẹ́ gbé wọn síwájú ara rẹ̀, ó yí wọn sọ́tùn-ún, ó yí wọn sósì.

"Liamidi, imú èyí wo òsì, ìràwọ̀ rẹ̀ wà lósì. Imú èyí wo ọ̀tún, ìràwọ̀ rẹ̀ wà lọ́tùn-ún. Ìbejì wo nìyí?"

"Bàbá, wọ́n jọ ń lọ síwájú ni."

Àgbà náà ráhùn, ó ní bàbá Liamidi ì bá ti gbá a lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ọ̀kan lé orí ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé dígí wá kí òun wò ó.