Alápatà Tí Kì Í Pariwo Mọ́ Màlúù

Nínú gbogbo alápatà, ọwọ́ ọkùnrin yìí ló rọ̀ jù. Màlúù tó bá fẹ́ pa, á fọwọ́ ra á lọ́rùn, á fi aṣọ bò ó lójú, á máa sọ pé, "Rọra, ọmọ mi, rọra," títí ọ̀bẹ yóò fi kọjá. Ó ní ẹran tí ẹ̀rù bá bà kì í rọ̀ lẹ́nu. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní tirẹ̀, ìta ni gbogbo ẹ̀ṣọ́ náà ń tán sí. Ìgbátí ni ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo fi ń mọ̀ pé bàbá òun ti dé.

Ọmọ yìí fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó tún bá ìgbátí níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ fi ẹ̀ṣẹ́ la ètè rẹ̀, ó gbé ológbò rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ó padà sílé. Alápatà sunkún. Ó búra pé ọmọ òun ò ní padà sọ́hùn-ún mọ́.

Kò rántí Ọ̀gá, ajá kékeré tó ń bá a gbélé látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọ̀gá ò ga ju bàtà òjò lọ, àmọ́ ẹnu ju ara lọ. Bí apẹ̀rẹ̀ ṣe ṣí báyìí, ó fò mọ́ ológbò. Ológbò náà ò gba gbẹ̀rẹ́. Ó fi èékánná ya imú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri. Wọ́n jà ní pálọ̀, wọ́n jà nílé ìdáná. Nígbà tó yá, ajá gé etí ológbò jẹ.

"Bàbá, bí ológbò mi ò bá lè gbé ibí, èmi náà á máa lọ," ọmọ wí.

"Sọ́dọ̀ ta?"

Ó fọwọ́ kan ètè rẹ̀ tó là, bàbá rẹ̀ sì mọ ìdáhùn.

Nígbà tí ìjà tún bẹ́ sílẹ̀, alápatà gbé àpótí ìjókòó, ó là á mọ́ ajá. "Màá pa yín! Ẹ̀yin méjèèjì ni màá pa!" Ajá ké, ó ń fẹsẹ̀ mẹ́ta sá. Ológbò ti kó sábẹ́ tábìlì. Alápatà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fà á jáde, ló bá rí ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, odindi ìyálé ilé, tó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí.

"Bàbá," ó ní, "màlúù tẹ́ ẹ fẹ́ pa, ẹ kì í pariwo mọ́ ọn."

Ojú ti alápatà débi pé kò lè dìde.

Láti ìgbà náà, ó mú ọwọ́ rírọ̀ tó ń lò ní ìsọ̀ ẹran rẹ̀ wálé. Ó fi ilẹ̀kùn pààlà sáàárín àwọn ẹranko náà, ó ń pààrọ̀ aṣọ tí wọ́n ń sùn lé, kí kálukú lè mọ òórùn èkejì. Bí ológbò bá fẹ́ kọjá, á so ajá mọ́ ẹsẹ̀ àga, á máa bu ẹran sí i lẹ́nu, á máa ra á lọ́rùn. Wọ́n ṣì ń kùn mọ́ra wọn bí orogún, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ dáwọ́ dúró.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ dé, ó ń fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn. "Jáde, kí n tó wọlé wá bá ẹ!"

Ajá sá sábẹ́ tábìlì. Ibẹ̀ ni ológbò wà, ibẹ̀ náà ni ọmọ sá sí. Kò sẹ́ni tó fi èékánná ya ẹnì kankan.

Alápatà gbé ọ̀bẹ. Ó wo abẹ́ tábìlì, ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn. Ọkọ fi ẹ̀ṣẹ́ bà á lẹ́nu, eyín kan ká. Ó tutọ́ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kò pariwo. Ó na ọwọ́, ó ra ọkùnrin náà lọ́rùn jẹ́jẹ́.

"Rọra, ọmọ mi," ó ní. "Rọra."

Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Ó fà sẹ́yìn, ó sá lọ. Ọmọ jáde lábẹ́ tábìlì, òun fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn.