Orúkọ Tí Olúgbódi Fín Fún Ìyá Rẹ̀

Ìka mẹ́fà ni Olúgbódi gbé wáyé lọ́wọ́ òsì, ìka kẹfà yẹn ló sì fi ń di idẹ mú kó má baà yẹ̀ nígbà tó bá ń fín orúkọ sí i. Àwọn aláìmoye a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jà Atakpamé. Ẹ wò wọ́n! Ọwọ́ tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ló fín orúkọ bàbá wọn sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kò jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan idẹ tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ibojì. Étienne ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ní ẹ̀kọ́ ìrìbọmi, sọ̀ kalẹ̀ lórí zémìjàn, alùpùpù akérò, níwájú àtíbàbà Olúgbódi.

"Sabine, orúkọ ìrìbọmi rẹ̀, nìkan ni kó o kọ. A kì í kọ orúkọ àbíkú sójú ibojì onígbàgbọ́."

Inú bí Olúgbódi. Málọmọ́ ni ìyá àgbà sọ ìyá wọn nígbà tó bí i, lẹ́yìn tó ti sin àwọn ọmọ tó ṣáájú rẹ̀; ẹ̀bẹ̀ ni, kó má lọ mọ́. Kò sì lọ. Ó dúró títí ó fi darúgbó, ó bí àwọn méjèèjì tó ń jà lórí orúkọ rẹ̀ yìí.

"Fò Étienne, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀bẹ̀ tí ìyá wa gbọ́ nìyẹn. Ẹ máa bínú lọ. Màá kọ ọ́."

"A jẹ́ pé kò ní í dé ojú ibojì."

Étienne bá tirẹ̀ lọ. Olúgbódi pe orúkọ náà sókè, bí bàbá wọn ti kọ́ ọ pé kó máa ṣe kí irin tó kan idẹ, ó sì fín in: SABINE MÁLỌMỌ́. Nígbà tó parí, ó dojú idẹ náà délẹ̀, ó tún mú òòlù. Ìbínú ò jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́.

Ní itẹ́ òkú, Laurent birikilà ti po simẹ́ǹtì tán kí Étienne tó rí ohun tí wọ́n kọ. Ọmọ ẹni tó ń fín idẹ ni Étienne náà. Ó mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá ti fín kò ṣeé pa rẹ́. Bí ọwọ́ bá ṣìnà, ṣe ni wọ́n ń yí idẹ padà, kí ojú tó bàjẹ́ wọnú simẹ́ǹtì.

"Laurent, yí i padà! Ẹ̀yìn òfìfo sàn jùyẹn lọ."

Laurent yí i padà. Ẹ̀yìn ò ṣófo. MÁLỌMỌ́ nìkan ló wà níbẹ̀, ó jinlẹ̀, ó tóbi, ó gba gbogbo idẹ láti etí dé etí. Kò sí Sabine níbẹ̀ rárá.

Olúgbódi ká ọwọ́ mọ́ àyà. "Ẹ mú èyí tó bá wù yín."

Simẹ́ǹtì ti ń gbẹ. Étienne wo idẹ, ó wo àbúrò rẹ̀, ó wo àwọn ará ìjọ tó dúró yí i ká.

"Dá a padà sí ti àkọ́kọ́," ó wí fún Laurent.