Morọ́láyọ̀ àti Erékùṣù Bàbá Rẹ̀

Mo ti fi ahọ́n kan ojú àdá kí n tó bẹ̀rẹ̀: gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, òtítọ́ ni, láti orí dé ìdí. Bí mo bá parọ́, kí òkèlè púpurú há mi lọ́fun, kí ẹ má sì fún mi lómi.

Ní ìsàlẹ̀ Akotogbo, níbi tí odò ti ń fẹ̀ lọ bá ọ̀sà, erékùṣù kékeré kan wà tí àwọn èèyàn ń pè ní Erékùṣù Adéyẹyè. Kò tóbi. Bí ìyàwó bá ń yan ẹja ní ìpẹ̀kun kan, ọkọ tó wà ní ìpẹ̀kun kejì á ti máa fọwọ́. Nígbà òjò, omi tó yí i ká ṣeé mu. Bí ọyẹ́ bá dé, tí omi òkun bá ti ara rẹ̀ wọlé, iyọ̀ á wà nínú rẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ á sì máa wakọ̀ lọ pọnmi lókè odò. Apá ìlà-oòrùn ni odò ti ń jẹ ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Apá ìwọ̀-oòrùn ló ń kó iyanrìn rẹ̀ lọ dà sí, bí olè tó jí ẹrù lójúde tó wá lọ fi pamọ́ sẹ́yìnkùlé onílé.

Adéyẹyè tó ni ín, apẹja ni. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, òkìtì iyanrìn lásán ni, tí omi ń bò mọ́lẹ̀ bó bá kún. Ó ri òpó tútù mọ́ ọn láti máa sá àwọ̀n lé. Òpó rúwé. Gbòǹgbò rẹ̀ di iyanrìn mú, iyanrìn gba koríko lálejò, koríko pe akàn, akàn sì pe Adéyẹyè. Ó gbé ẹja yíyan àti ìgò ọtí kan lọ bá Ọlọ́jà, ìyẹn olórí abúlé tó wà létí odò, ó ní òun fẹ́ máa gbébẹ̀. Ọlọ́jà ìgbà náà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Adéyẹyè, máa mú iyanrìn ẹ lọ. Bó o bá fẹ́, mú omi mọ́ ọn."

Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti kú tipẹ́.

Orí erékùṣù yìí ni wọ́n bí Morọ́láyọ̀ sí, ọmọ kan ṣoṣo tí Adéyẹyè bí. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí a ṣe ń hun ìgèrè tí a fi ń mú edé, ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ ló ti bímọ, ibẹ̀ náà ló ti di opó. Obìnrin gíga ni, tó máa ń fi àjẹ̀ ọkọ̀ tọ́ka bí ẹlòmíràn ti ń fi ìka tọ́ka. Ohùn rẹ̀ le débi pé bó bá pe àwọn ọmọ rẹ̀ wá jẹun, ajá á dáhùn ní ìlú Àjàgbà.

Ní ọdún 1963, ojú Gbádégẹṣin wọ erékùṣù yìí. Oníṣòwò gẹdú ni, láti Okitipupa. Ó máa ń so ìtì igi arère pọ̀ lórí omi kí wọ́n tù wọ́n lọ sí Èkó, ó sì ń wá ibi tí yóò máa so wọ́n mọ́ kí wọ́n má baà ṣàn lọ. Ó lọ bá Ọlọ́jà tó wà lórí oyè nígbà náà, ó ní ilẹ̀ tí kò ní olúwa ni. Morọ́láyọ̀ ní ilẹ̀ bàbá òun ni. Ọlọ́jà ní kí wọ́n pàdé lórí ilẹ̀ náà gan-an. Bí Morọ́láyọ̀ bá lẹ́rìí, kó fi hàn. Bí kò bá ní, kó kó ẹrù rẹ̀.

Nígbà tọ́jọ́ pé, Ọlọ́jà àti àwọn àgbà wakọ̀ dé bí omi ti ń fà. Gbádégẹṣin wọ agbádá wá, ó dé fìlà, ó sì mú lébìrà rẹ̀ kan dání, Mùtàlíbù.

"Ìyá," Gbádégẹṣin ní, "ẹni tó bá sin bàbá ẹ̀ síbì kan ló nibẹ̀. Sàárè Adéyẹyè dà?"

"Akotogbo la sin ín sí. Níbí, bó o bá gbẹ́ ilẹ̀ dé orúnkún, omi ni. Ṣé kí n ri bàbá mi sómi bí ìgèrè ni?"

Àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́jà ò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Lazarus, ọ̀rọ̀ ẹ dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí la wá wò."

Morọ́láyọ̀ na àjẹ̀ sí àwọn igi àgbọn. "Ẹ̀rí mi nìwọ̀nyí. A ò lè sin òkú síbí, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ tí a bí níbí, ibi tó bá a wáyé, inú ìkòkò la fi sí. A rì í mọ́lẹ̀, a sì gbin àgbọn tì í. Ti Lazarus nìyí. Ti Eunice nìyẹn."

"Àgbọn ò kọ orúkọ sára," Gbádégẹṣin ní. "Bí ọ̀bọ bá ju èso sílẹ̀ tó sì hù, ṣé ọ̀bọ ló nilẹ̀ ni?"

"Bí ọ̀bọ ọ̀hún bá dúró ro ìdí ẹ̀ lọ́dọọdún, dọ̀bálẹ̀ kó o kí i."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká hú ọ̀kan wò."

A kì í hú ibi ọmọ. Ẹni tí wọ́n bá hú tirẹ̀ síta, wọ́n ti tú orí rẹ̀ ká nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Lazarus, àkọ́bí rẹ̀, bọ́ síwájú. "Ìyá, ẹ jẹ́ kí wọ́n hú tèmi."

"Panu mọ́! Ìyàwó ẹ lóyún nínú, o wá ń ṣe akin."

Morọ́láyọ̀ kọjá lára àgbọn àwọn ọmọ rẹ̀, ó lọ dúró nídìí ògbólógbòó kan tó ti tẹ̀ sórí omi ní apá ìlà-oòrùn. "Tèmi nìyí. Ìyá mi ló fi hàn mí. Ẹ hú u."

Ohun tí kò sọ ni pé odò ti ń wọ ìdí igi yẹn, kò sì mọ̀ bóyá ìkòkò náà ṣì wà níbẹ̀. Bí omi bá ti gbé e lọ, erékùṣù lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kàkà kó fi orí ọmọ rẹ̀ dán an wò, kí ilẹ̀ máa lọ.

"Gbádégẹṣin," Ọlọ́jà ní, "ìwọ lo fẹ́ rí i. Mú ọkọ́."

"Èmi kẹ̀? Mùtàlíbù!"

"Ọ̀gá, gẹdú lẹ ní kí n máa gé," Mùtàlíbù ní. "Èyí kì í ṣe gẹdú."

Gbádégẹṣin ká agbádá sórí èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Omi sun sínú ihò. Ó kó iyanrìn, ó kó ìkarahun, kò rí nǹkan kan. Morọ́láyọ̀ di àjẹ̀ rẹ̀ mú bí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́ dojú dé.

"Omi nìkan ló wà níbí," Gbádégẹṣin ní, ó rẹ́rìn-ín.

"Abẹ́ gbòǹgbò ńkọ́?" Ọlọ́jà bi í.

Ó tún sọ ọkọ́ sílẹ̀. Kó! Ó dá ọkọ́ dúró, ó sì ti ọwọ́ bọ inú omi. Wàràwàrà ló yọ ọwọ́ náà padà.

"Kí ni?"

"Ìkòkò ni. Ti òun ti ọmọrí ẹ̀."

"Gbé e jáde ká rí i dáadáa."

"Ẹ ṣàánú mi, Bàbá. Mo ti rí i. Mo tiẹ̀ rí i kọjá bó ṣe yẹ."

"Ó tán," Ọlọ́jà ní. "Morọ́láyọ̀ ló nilẹ̀."

Morọ́láyọ̀ kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ iyanrìn padà, Lazarus bá a tẹ̀ ẹ́. Gbádégẹṣin ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sídìí ọkọ̀, bó ṣe ṣubú sómi nìyẹn. Fìlà rẹ̀ léfòó lọ, akàn ńlá kan yọ, ó dé e, ó sì ń yan lọ sábẹ́ igi bí ìjòyè tuntun.

Ibà mú Morọ́láyọ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn èèyàn ní ìkòkò yẹn ni, òun ní òtútù omi ni, ó sì yá. Kò pẹ́ tí Gbádégẹṣin fi padà wá. Kò sọ̀ kalẹ̀, inú ọkọ̀ ló jókòó sí tó ń tọrọ àyè láti máa so gẹdú mọ́ apá ìwọ̀-oòrùn. Morọ́láyọ̀ ní kó kọ́kọ́ kó òpó wá kan mọ́ apá tí odò ń jẹ. Ó kan án. Apá ìwọ̀-oòrùn tó tọrọ ló sì ń so igi rẹ̀ mọ́ títí di ọdún 1971 tó fi kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sórí lọ́rì. Nígbà tí ìyàwó Lazarus bímọ, orí iyanrìn tuntun lápá ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n gbin àgbọn tirẹ̀ sí.

Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun kan péré ni mo fi kún un: akàn ò dé fìlà. Lazarus ló fi àjẹ̀ wọ́ fìlà yẹn jáde, ó fún Gbádégẹṣin. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ akàn ibẹ̀ á mọ̀ pé fìlà ń wù wọ́n.