Òkìtì Tí Kò Rú Èéfín

Láti ìgbà tí ó ti gbọ́njú ni Jẹ́jẹ́ ti ń sun èédú. Ìnagijẹ yìí mọ́ ọn lára, nítorí kì í kánjú ṣe ohunkóhun. Bí ó bá to igi jọ, tí ó fi ewé àti erùpẹ̀ bò ó títí ó fi di òkìtì ràbàtà, yóò tanná sí i nínú, yóò sì jókòó tì í bí ẹni tí ń ṣọ́ aláìsàn. Èéfín ni í sọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ fún un. Bí ó bá funfun, igi ṣì ń gbẹ. Bí ó bá ṣí fẹ́ẹ́rẹ́ bí aró tí a bu omi là, èédú ti jinná nìyẹn. A gbọ́dọ̀ dí gbogbo ihò rẹ̀ pa kí iná kú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, eérú ni a ó kó.

Èéfín kan náà ni ó ba àyà rẹ̀ jẹ́. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kí ó jìnnà sí i bí ó bá fẹ́ pẹ́ láyé. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba kéde pé àwọn yóò sanwó fún gbogbo ẹni tí ń sun èédú kí wọ́n lè jáwọ́, kí igbó sì sinmi, inú rẹ̀ dùn dé ìdodo. Ẹ̀rọ ìlọta ni òun àti aya rẹ̀ fẹ́ fi owó náà rà.

Àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń bọ̀ wá ka òkìtì èédú tí wọn yóò sanwó lé lórí ni èéfín rẹ̀ ṣí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dí ihò. Àbúrò rẹ̀ sáré wá bá a.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó máa rú títí wọ́n á fi dé. Èéfín ni wọ́n fẹ́ rí, wọn ò mọ èédú."

"Kó wá di eérú ńkọ́?"

"Ẹ ò ṣáà ní jẹ eérú."

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó o kó erùpẹ̀ lásán jọ, tó o ki ewé tútù bọ̀ ọ́ lẹ́nu, o wá fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́."

"Ẹ wo bó ṣe ń rú. Ó jọ ti ọ̀gá."

Nígbà tí wọ́n dé, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ka òkìtì àbúrò mọ́ àwọn tí yóò gba owó. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Jẹ́jẹ́, ó mirí.

"Bàbá, èyí ti kú."

"Kò kú. Mo dí i ni, kí èédú má baà jó."

"Ẹ ti jáwọ́ nìyẹn. Ẹni tó ṣì ń sun ún nìjọba ń sanwó fún pé kó jáwọ́."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Jẹ́jẹ́ kánjú. Ó gbá ṣọ́bìrì mú, ó sì la òkìtì náà láti fi èédú hàn án. Atẹ́gùn wọlé, iná sọ làù.

"Ẹ ò rí i báyìí?"

"Ìṣojú mi lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná yìí, Bàbá. Tí mo bá ka èyí, gbogbo ìlú ló máa tanná kí n tó padà délé."

Òṣìṣẹ́ náà kò sọ ọ́ tìkà-tìkà. Ó kí i pé ó dìgbà, ó sì lọ.

Gbogbo èédú náà jó di eérú. Ní ọjọ́ kejì, kò sí oúnjẹ nílé, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Jẹ́jẹ́ gbé àáké. Aya rẹ̀ wo àyà rẹ̀ tí ń lọ sókè sódò. Ó so aṣọ mọ́ imú, ó sì tẹ̀ lé e lọ to igi.