Fọ́tò tí Zelik Fi Ránṣẹ́ sí Ìyá Rẹ̀

Iṣẹ́ tí Zelik Brandwajn ń ṣe jẹun ni pé ó ń ṣubú. Mi ò ṣàwàdà. Tí ọ̀gá òṣèré bá fẹ́ yọ̀ lórí ọṣẹ nínú sinimá, tó fẹ́ já bọ́ láti orí àkàbà, tàbí tí ìlẹ̀kùn fẹ́ gbá a nímú, wọ́n á ní kí ọ̀gá náà lọ jókòó, kó máa mu kọfí, wọ́n á wá pe Zelik. Zelik á wọ aṣọ ọ̀gá, á kẹ̀yìn sí kámẹ́rà, á sì fìdí gbálẹ̀ gbì! Ọdún mẹ́tàlá ló ti ń ṣe é ní Hollywood. Gbogbo Amẹ́ríkà ló ti fi í rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹnì kan tó mọ ojú rẹ̀.

Ohun tó ń dun ìyá rẹ̀ nìyẹn. Màmá Gitla wà ní Kraków, ní ilẹ̀ Póláńdì, òun àti Perla, àbúrò Zelik obìnrin, nínú yàrá kan ṣoṣo ní òpópónà Józefa. Màmá ò mọ̀wé kà. Àwọn òṣèré Júù tó ń ti ìlú dé ìlú lọ́hùn-ún, àwọn tí Zelik bá ṣiṣẹ́ láti kékeré, ní àṣà kan tí wọn kì í fi ṣeré: tí wọ́n bá fún ọ ní ipa tuntun, wàá ya fọ́tò nínú aṣọ ipa náà, wàá fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ. Fọ́tò yẹn ni lẹ́tà gan-an, ọ̀rọ̀ inú ìwé kàn ń tẹ̀ lé e ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Zelik ti ń ṣubú, kò rí fọ́tò kankan fi ránṣẹ́. Ta ló fẹ́ ya ìpàkọ́ èèyàn? Perla ló máa ń bá màmá kọ̀wé: "Màmá ní kí n bi yín bóyá iṣẹ́ lẹ rí ní Amẹ́ríkà àbí ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ní ọmọ Fiszel alápatà ń fi fọ́tò ránṣẹ́ láti Ajẹntínà, òun tí kò ní eyín lẹ́nu."

Ogun wá dé. Àwọn ọmọ ogun Hitila wọ Kraków, lẹ́tà Perla sì di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ìlà mẹ́ta péré. "Ara wa le. A ní oúnjẹ. Ẹ̀yin ńkọ́?" Kò sí èébú kankan nínú rẹ̀ mọ́, kò sí ọmọ Fiszel. Ìyẹn gan-an ló já Zelik láyà.

Lọ́dún 1940, ilé sinimá kékeré tó ń gbà á síṣẹ́ pinnu láti fi Hitila ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn ò dárúkọ rẹ̀ o, ojo ni àwọn ọ̀gá yẹn. Wọ́n pe ẹni tiwọn ní Ọ̀gágun Blotz, olórí ìlú kan tí kò sí níbì kankan láyé, ṣùgbọ́n tí irunmú rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ, tó máa ń gbọ́wọ́ sókè, tó sì ń pariwo bí ẹni tí èèrà wọ ṣòkòtò rẹ̀. Apanilẹ́rìn-ín kan, Dewey Mallory, ló ń ṣe Blotz. Zelik ló ń bá a ṣubú.

Inú Zelik dùn sí iṣẹ́ yìí ju gbogbo èyí tó ti ṣe rí lọ. Ìgbàkígbà tí Blotz bá forí sọ ògiri, orí Zelik ló ń dun Zelik, ṣùgbọ́n ó ń dùn mọ́ ọn bíi pé ọ̀dájú yẹn gan-an ló ń lù. Á dìde pẹ̀lú eékún wíwú, á ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe." Ní ọjọ́ Ẹtì kan, wọ́n ti lẹ irunmú mọ́ ọn, wọ́n ti ju páì, àkàrà òyìnbó oníkìrímù, lù ú lójú, ó ti yí gbirigbiri dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ṣòkòtò rẹ̀ ti bọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ṣì wà lókè bí ẹni tó ń kí àwọn ọmọ ogun. Ayàwòrán tó ń ya fọ́tò fún ìpolówó pariwo pé, "Zelik, má mira!" Ó yà á. Ojú Zelik hàn kedere, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́tàlá. Ayàwòrán náà tẹ méjì fún un ní ọ̀fẹ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, Zelik jókòó nínú yàrá rẹ̀ ní àdúgbò Boyle Heights, ó kọ ojú ìwé méjì sí Kraków. Ó ṣọ́ra gidigidi. Ó mọ̀ pé àwọn ọmọ ogun yẹn ń ṣí lẹ́tà Júù, wọ́n ń kà á kí ó tó dọ́wọ́ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Nítorí náà, kò sọ ju pé ojú ọjọ́ dára, ọsàn pọ̀, ara òun le. Lẹ́yìn náà ló ká ìwé náà, ó mú ọ̀kan nínú fọ́tò méjèèjì, ó fi í sínú àpòówé, ó fi ahọ́n lá a, ó lẹ̀ ẹ́. Àṣà àtijọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ lé. Ojú màmá rẹ̀ nìkan ló ń rí lọ́kàn, bó ṣe máa gbé fọ́tò náà sún mọ́ iná, bó ṣe máa ní, "Àṣé ọmọ mi ṣì wà láyé." Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, ó ju lẹ́tà náà sínú àpótí lẹ́tà ní òpópónà, ó ń súfèé lọ síbi iṣẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní òmùgọ̀, kó pè é. Kò lè pè é tó bó ṣe pe ara rẹ̀.

Eré tí wọ́n ń yà lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé náà ni èyí tí àwọn amí Blotz ti ń ṣí lẹ́tà ará ìlú. Òkìtì lẹ́tà kún ilẹ̀, òṣèré mẹ́fà nínú aṣọ ológun ń fi ooru kẹ́tùlù ṣí àpòówé, wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ ìfẹ́ olólùfẹ́, wọ́n ń sunkún wọ̀ọ̀. Zelik, nínú aṣọ Blotz, pẹ̀lú irunmú àti kìrímù páì lójú, dúró lókè àkàbà, ó ń dúró de kí wọ́n ní kó já bọ́ sáàárín lẹ́tà. Ọ̀kan nínú àwọn amí náà fa fọ́tò kan yọ láti inú àpòówé, ó wò ó, ojú rẹ̀ ranko, ó fọn fèrè, àwọn ọlọ́pàá sì rọ́ wọlé gìrọ́gìrọ́.

Zelik rántí fọ́tò tó fi sínú lẹ́tà ìyá rẹ̀.

"Zelik, já bọ́!" ni Hap Quillan, olùdarí, kígbe.

Zelik fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn.

"Ta ló ní kó o sọ̀ kalẹ̀ bí èèyàn gidi? Mo ní kó o já bọ́!"

"Ọ̀gá, mo ti pa ìyá mi," ni Zelik wí, ó sì sáré já síta.

Oòrùn ń ràn. Ó ń sáré lórí òpópónà Sunset nínú aṣọ ọ̀gágun, àmì-ẹ̀yẹ agolo ń lu ara wọn láyà rẹ̀ jàgàjàgà, kìrímù páì sì ń kán sílẹ̀ létí rẹ̀. Àwọn èèyàn dúró. "Ẹ wá wo Hitila! Hitila ń sá lọ!" Obìnrin kan rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Ẹnì kan ju ọsàn bà á lẹ́yìn. Bàbá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó tutọ́ sí i lára, kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín rárá. Nígbà tó dé ìdí àpótí tó ju lẹ́tà sí, wọ́n ti kó ohun inú rẹ̀ láti aago mẹ́wàá. Ó yí padà sí póòsófíìsì.

Èèyàn bíi mẹ́wàá wà lórí ìlà. Ó gba àárín wọn kọjá.

Akọ̀wé ibẹ̀ gbójú sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. "Ẹ sọ fún àwọn ọ̀gá yín pé ẹ ò lè wá ya sinimá níbí láìgba àṣẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, kì í ṣe sinimá. Lẹ́tà kan ni mo fẹ́ gbà padà. Kraków ló ń lọ. Tí wọ́n bá ṣí i, wọ́n á pa ìyá mi."

"Ó mọ̀ ọ́n ṣe o!" ni ọkùnrin kan wí lórí ìlà. "Kámẹ́rà dà? Ṣé abẹ́ tábìlì lẹ gbé e pa mọ́ sí?"

"Orúkọ yín?" ni akọ̀wé béèrè.

Zelik fa ìwé ìjẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà yọ lápò inú. Akọ̀wé wo àwòrán inú rẹ̀, ó wo irunmú. "Ẹni yìí ò jọ yín."

Zelik di irunmú náà mú, ó fà á ya. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ kò ṣe é fà bẹ́ẹ̀, òróró ni wọ́n fi ń yọ ọ́. Awọ ètè rẹ̀ bá a lọ, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn sínú ẹnu rẹ̀. Ló bá kúnlẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Wọ́n rán ṣòkòtò yẹn kó lè bọ́ ni, òwú kan ṣoṣo ló gbé e dúró, òwú náà sì já. Ṣòkòtò já wálẹ̀ fẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín gbàù, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Zelik ń sunkún lórí eékún rẹ̀, bó sì ṣe ń sunkún tó ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín tó. Kò ṣubú dáadáa báyìí rí láyé rẹ̀.

"Ẹ panu mọ́, ẹ̀yin aláìlójútì!" Roza Tuchman ló wọlé yẹn, obìnrin kan tó ju Zelik lọ lọ́jọ́ orí, tó ń ránṣọ nílé sinimá, Júù láti Tarnów, nítòsí Kraków. Ó ti sáré tẹ̀ lé e láti ibi iṣẹ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó fi kóòtù bo Zelik. "Ìwọ ọ̀gbẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ yẹn, ṣé o ní ìyá? Lẹ́tà rẹ̀ ló ń béèrè, fún un ní ìwé tó máa fi béèrè rẹ̀!"

Ẹ̀rín kú. Akọ̀wé fún un ní ìwé, Zelik kọ àdírẹ́sì sí i kí wọ́n lè fi mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀. Àmọ́ báàgì lẹ́tà òkè òkun ti bá ọkọ̀ ojú irin aago mọ́kànlá lọ. Wọ́n fi wáyà ránṣẹ́ sí New York pé kí wọ́n dá lẹ́tà náà dúró. Lọ́jọ́ karùn-ún, èsì dé: báàgì ti kúrò létíkun.

Zelik padà síbi iṣẹ́. Hap Quillan bú u tán, ó ní kó gun àkàbà. Ó gùn ún, ó já bọ́ sáàárín lẹ́tà, wọ́n sì parí sinimá náà. Ní oṣù Kejìlá, ó lọ wò ó ní gbọ̀ngàn sinimá kan ládùúgbò rẹ̀, lójú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Brooklyn, láàárín àwọn Júù tí gbogbo wọn ní ẹnì kan lọ́hùn-ún. Ẹ̀rín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ká àjà. Nígbà tí amí yẹn fa fọ́tò yọ láti inú àpòówé, Zelik dìde, ó jáde.

Kò sí lẹ́tà ní oṣù yẹn. Kò sí ní oṣù Kìíní. Ó kọ̀wé mẹ́rin, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ tó ń wá àwọn tó sọnù, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní kó máa padà wá.

Ní oṣù Kẹrin, lẹ́tà náà dé, lẹ́tà tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ti fi bébà olóǹtẹ̀ ẹyẹ idì ìjọba Hitila lẹ̀ ẹ́ padà. Wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sójú àdírẹ́sì pé wọ́n ti kó àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kúrò, a kò mọ ibi tí wọ́n lọ. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Roza nínú yàrá ìránṣọ, ó ní kó bá òun ṣí i. Roza ṣí i. Ojú ìwé méjèèjì wà níbẹ̀, ojú ọjọ́ dára, ọsàn pọ̀. Fọ́tò ò sí níbẹ̀.

"Ó lè jẹ́ New York ni wọ́n ti yọ ọ́," ni Roza wí. "Akọ̀wé kan á ti mú un fi ṣeré. Gbogbo Júù ni wọ́n ń kó kúrò nílùú yẹn, Zelik. Àwọn tí kò gba lẹ́tà kankan náà, wọ́n kó wọn."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ."

"Ó lè má jẹ́ ẹ̀bi mi." Ó tọwọ́ bọ àpò, ó mú fọ́tò kejì jáde, èyí tó kù sí i lọ́wọ́, ó gbé e sórí aṣọ tí Roza ń rán. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má purọ́ fún mi. Ẹ wò ó bíi pé ẹ ò mọ̀ mí rí. Bí ọmọ ogun kan bá ṣí i lọ́hùn-ún, tó jẹ́ pé òun nìkan ló wà ní yàrá, ṣé kò ní rẹ́rìn-ín? Tó bá rẹ́rìn-ín, ó lè jù ú sápò kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín dáadáa kì í lè bínú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ mi ni. Ẹ wò ó. Ṣé ó pani lẹ́rìn-ín tó?"

Roza gbé fọ́tò náà sábẹ́ iná, ó wò ó pẹ́. Ó ya ẹnu láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò jáde.