Òǹtẹ̀ Pupa Lára Iṣẹ́ Gaspard

Ní òpópónà kan ní ẹsẹ̀ òkè Montmartre, opó kan wà tó ń ta àwòrán, Zélie Corbin lorúkọ rẹ̀. Ìyá Zélie ni àwọn ayàwòrán ń pè é. Kò bí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọbẹ̀ rẹ̀ ló sọ ọ́ di ìyá. Gbogbo àwòrán inú ìsọ̀ rẹ̀ ló ń kọjú sí ògiri, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò sì yí padà fún oníbàárà. Bí o bá rẹ́rìn-ín, yóò dá a padà kọjú sógiri, o kò ní rí i mọ́ láyé rẹ.

Ọdún méjìlá gbáko ló fi ń gbé iṣẹ́ Gaspard Huet sẹ́yìn dígí iwájú ìsọ̀. Gaspard a máa ya ojú ènìyàn ní àwọ̀ ewé, a sì máa ya igi ní àwọ̀ aró. Ọ̀gbẹ́ni Roubaud, olówó tó ń kó àwòrán jọ, ló máa ń rẹ́rìn-ín jù.

"Mádáàmù, ṣé ibà ló ń ṣe ẹni tó ya eléyìí ni?"

"Bí ibà bá lè yà báyìí, Ọ̀gbẹ́ni, ẹ tètè lọ kó o."

Lọ́dún 1907, lẹ́tà dé láti ilé ìwòsàn kan ní Marseille pé Gaspard ti kú. Ìyá Zélie sunkún títí di ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ó bọ́jú, ó sì ṣe ohun tí àwọn oníṣòwò àwòrán ń ṣe bí ayàwòrán bá kú láì fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ òǹtẹ̀ orúkọ Gaspard, ó tẹ̀ ẹ́ bọ tàdáwà pupa, ó sì lù ú sí igun ìsàlẹ̀ àwòrán mẹ́tàlélógójì.

Ikú mọ ọjà tà. Kí oṣù tó pé, àwọn ẹlẹ́rìn-ín ti ń ṣí fìlà wọlé. Roubaud fúnra rẹ̀ lọ gba odidi yàrá kan fún Gaspard nínú àfihàn ńlá ìgbà ìwọ́wé, irú yàrá tí wọn kì í fún ayàwòrán àfi tó bá ti kú. Ọjọ́ Ẹtì ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin máa wá kó àwọn àwòrán náà. Ohun tí Ìyá Zélie ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọdún méjìlá ti dé ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́sàn-án gangan, Gaspard wọlé.

"Ìyá Zélie, ẹ kú ìjókòó o."

"Wọ́n ní o ti kú!"

"Ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ni. Wọ́n ṣi orúkọ pè."

Òjò ń rọ̀ níta, ẹ̀wù rẹ̀ sì gbẹ. Ìyá Zélie dì mọ́ ọn. Ara rẹ̀ tutù bíi dígí. Ó na ọrùn sí ojúlé kejì, ó ní kí Bertille tó ń ta kọfí gbé ago méjì wá. Bertille gbé ẹyọ kan wá.

"Méjì ni mo wí."

"Ẹ̀yin àti ta, Ìyá Zélie?"

Bertille wo àga tí Gaspard jókòó sí, ó wo ojú opó náà, ó rọra gbé ago kalẹ̀. Kò dúró tàkúrọ̀sọ, òun tó jẹ́ pé òfófó ni oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀.

Gaspard ti ń yí àwọn àwòrán padà. "Ta ló kọ orúkọ mi sí wọn?"

"Èmi ni. Mo rò pé..."

"Ẹ ti tilẹ̀kùn mọ́ mi níta, Ìyá." Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó fà á kọjá lára aṣọ àwòrán tuntun. Aṣọ náà funfun síbẹ̀. "Bí òǹtẹ̀ òkú bá ṣì wà lára ti àtijọ́, ti tuntun kò ní jẹ́."

Ìyá Zélie ì bá kọ̀wé béèrè ní Marseille. Kò kọ ọ́. Ọlọ́jà tó gbọ́n kì í béèrè ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ lè ba ọjà jẹ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá pa òǹtẹ̀ rẹ́, yàrá àfihàn lọ nìyẹn. Bí òun kò bá sì pa á rẹ́, Gaspard kò ní fi ọwọ́ rẹ̀ ya nǹkan mọ́.

Lọ́jọ́rú, ó mú àkísà àti epo tí wọ́n fi ń fọ ọ̀dà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù. Nígbà tó nu ẹ̀kẹwàá, òjìji Gaspard hàn lára ògiri. Nígbà tó nu ọgbọ̀n, Gaspard wúkọ́, ó ní ọbẹ̀ tí Ìyá Zélie gbé fún òun kò níyọ̀.

"Òkú aláìmoore," ni Ìyá Zélie wí, ó sì ń nù ún lọ.

Roubaud dé lọ́jọ́ Ẹtì. "Òǹtẹ̀ dà? Mádáàmù, ẹ ti ba òkú olókùú jẹ́!"

"Kò kú. Ẹ wo yàrá ẹ̀yìn, kí ẹ kí i."

Roubaud yọjú. Ó rí àga, ó rí ẹ̀wù lórí àga, ó rí àwòrán kan tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì tutù. Ojú ọkùnrin aláwọ̀ ewé ni, ó sì jọ Roubaud bí ìgbà tí èèyàn wo dígí.

"Kò sí ẹnikẹ́ni níbí," ó wí. Lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín. "Òkú mìíràn ni màá wá fún yàrá àfihàn yẹn."

"Àwọn òkú kò wọ́n, Ọ̀gbẹ́ni."

Gaspard nawọ́ láti orí àga, ó ní ọ̀dà funfun ti tán. Ìyá Zélie ṣí òmíràn, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó wá kọjú sí Roubaud tó ti ń fẹ̀yìn rìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ilẹ̀kùn dé bí ẹ bá ń jáde. Òtútù ń mú un."