Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Ìyá Mi Yí Sẹ́yìn

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ṣakí, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀rọ méjì ló ń rin ẹ̀gẹ́ fún àwọn onígàrí àdúgbò wa. Ọ̀kan jẹ́ ti Bàbá Mùfú, ẹ́ńjìnnì onídísẹ́ẹ̀lì tó máa ń wúkọ́ bí arúgbó kó tó jí. Èkejì jẹ́ ti ìyá mi, iná ìjọba ló ń lò. Ojú ọ̀nà ló là wọ́n láàárín. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, a ó ti bó ẹ̀gẹ́ títí ìka wa yóò fi wú, àwa ọmọdé á sì máa fi èèpo rẹ̀ sọ òkò lu ara wa.

Ẹ̀rọ ìyá mi kì í ṣe ẹgbẹ́ gílóòbù inú ilé. Wáyà mẹ́ta ló ń gbé iná wá fún un, fésì mẹ́ta. Bọ̀dá Kọ́lá tó bá wa so ó ṣàlàyé pé bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, ẹ̀rọ á kàn máa kùn lásán. Bí méjì bá sì gba ipò ara wọn, á máa yí sẹ́yìn. Ìyá mi kò kàwé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn yé e ju èmi tí mo wà ní ìwé karùn-ún lọ. Ó ṣe òfin: bí iná bá lọ tó sì dé, èèpo kan la ó kọ́kọ́ jù sẹ́nu ẹ̀rọ. Bó bá gbé e mì, ó dáa. Bó bá tu ú jáde, ká pa iná, ká pe òun. Á ní, "Ràfíà, fún un ní èèpo kó o tó fún un lóúnjẹ."

Lọ́dún kan, ìjì wó òpó iná. Ẹ̀rọ wa dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo oníbàárà wa sì kọjá sọ́dọ̀ Bàbá Mùfú. Nígbà tí wọ́n tún wáyà so, gílóòbù tàn nílé gbogbo, kò sẹ́ni tó fura pé méjì ti gba ipò ara wọn. Gílóòbù kò mọ iwájú, kò mọ ẹ̀yìn. Ìyá mi ránṣẹ́ sí Àlàájà Sìfáwù, àgbà àwọn onígàrí. Bí Àlàájà bá padà, gbogbo wọn á tẹ̀ lé e. Bí kò bá padà, ó parí nìyẹn.

Àlàájà dé pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀gẹ́ mẹ́ta. Ó wọ léèsì aláwọ̀ aró, torí ó ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ láti ibẹ̀. Ìyá mi wọlé lọ ṣe àlùwàlá, ó ku èmi àti ẹ̀rọ. Mo fẹ́ ṣe ọ̀gá. Mo tan án, mo da odindi agbọ̀n kan sí i lẹ́nu. Òfin wo? Mo ti gbàgbé. Ẹ̀rọ bì í jáde, ẹ̀gẹ́ rírin sì bo Àlàájà láti orí gèlè dé bàtà. Ojú rẹ̀ méjèèjì nìkan là ń rí.

Bàbá Mùfú kígbe láti òdìkejì ọ̀nà pé, "Àlàájà, ẹ kú ọ̀ṣọ́ o!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Àlàájà kò rẹ́rìn-ín rárá. "Ẹ gbé ẹ̀gẹ́ mi tó kù kọjá sí ọ̀hún!"

Ìyá mi sáré jáde, ó pa iná, ó ní kí wọ́n lọ pe Bọ̀dá Kọ́lá wá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò tilẹ̀ nà mí. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

Ẹ̀rín ló gbà wá là. Bàbá Mùfú ti rẹ́rìn-ín títí agbára rẹ̀ fi tán. Ó fa okùn ẹ́ńjìnnì, ó wo Àlàájà, ẹ̀rín tún mú un. Ó tún fà á, ó tún wò ó, ó tún jókòó. Kó tó fà á lẹ́ẹ̀kẹfà, Bọ̀dá Kọ́lá ti bá wa pààrọ̀ wáyà méjì. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ju èèpo kan sí ẹ̀rọ, ó sì gbé e mì. Inú ti bí Àlàájà sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ju àwa tí a ba aṣọ rẹ̀ jẹ́ lọ. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀gẹ́ òun padà.

Èmi kúnlẹ̀, mo gbé apá sókè dìgbà tí wọ́n kírun ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fọ léèsì yẹn.

Lóde òní, wọ́n ní àpótí kékeré kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ yí rárá bí fésì bá ti ṣì. Àwọn ọmọ wa kò bó ẹ̀gẹ́ rí, inú ọ̀rá ni wọ́n ti mọ gàrí. Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin mi mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wálé. Ọmọkùnrin náà múra dáadáa, ọ̀rọ̀ sì dùn lẹ́nu rẹ̀ bí oyin, débi pé mo ti ń bá a mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìyá mi, tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá fi ìgúnpá gbún mi.

"Ràfíà, ṣé ẹ ti fún un ní èèpo?"